Nusaybah, Ìyàwó Tuntun Orí Yìnyín

Bí ẹ bá rí Nusaybah ní Rye Lane, ní Peckham wa nílùú Ọba níbí, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó wé híjáàbù aláwọ̀ eérú, tó fi báàgì kékeré kọ́ èjìká, tó ń sáré bá bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí New Cross, níbi tó ti ń bá dókítà eyín ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń di rọ́bà tó ń fa itọ́ mú sí ẹnu àwọn aláìsàn. Ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó lè kí yín kí ẹ má gbọ́, kí ẹ wá máa bínú kiri àdúgbò pé ọmọ Mìsítúrà ò lẹ́kọ̀ọ́. Èmi náà ti bínú bẹ́ẹ̀ rí, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Àmọ́ tó bá di ọjọ́ ìsinmi, ọmọ kan náà yìí á kó sínú aṣọ tó nípọn bíi mátírẹ́ẹ̀sì, á fi akoto onírin bo ojú, á wọ bàtà tó ní abẹ lábẹ́, á sì lọ dúró síwájú àwọ̀n lórí yìnyín ní Streatham, kí àwọn èèyàn máa fi ọ̀pá gbá rọ́bà dúdú kan lù ú. Rọ́bà yẹn kò fẹ̀ ju ìdérí agolo mílíìkì lọ, ṣùgbọ́n ó le bí òkúta, eré tó sì ń sá, ojú mi kì í bá a. Áísì họ́kì ni wọ́n ń pe eré náà. Nusaybah ni gólí wọn.

Iléèwé ló kọ́kọ́ kó wọn lọ síbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá rẹ̀ gbà kó lọ, torí ó rò pé wọ́n fẹ́ lọ wo yìnyín ni, bí èèyàn ṣe ń lọ wo kìnnìún nínú ọgbà ẹranko. Ọmọ délé, ó ní òun fẹ́ padà lọ. Làtíìfù, bàbá rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì, gbójú sókè nídìí oúnjẹ.

"Ṣé inú fíríìsà ni wọ́n ti ń ṣeré ni?"

Bẹ́ẹ̀, òun náà ló wá ń gbé e lọ sínú fíríìsà yẹn láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí yóò jókòó tì í pẹ̀lú fìlà onírun lórí, tí yóò máa mu tíì, tí yóò sì máa béèrè lọ́wọ́ àwọn òyìnbó pé ta ló ń borí.

Báàgì ẹrù ọmọ náà ga tó ọmọ ọdún méje. Òórùn rẹ̀ nìkan tó ohun tí à ń fi Ọlọ́run bẹ̀. Mìsítúrà ní kò gbọdọ̀ wọ pálọ̀ òun, nítorí náà bálíkónì ni báàgì ń sùn, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Obìnrin kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn, Doreen, ti fìgbà kan pe káńsù pé ẹranko kan kú sókè. Mìsítúrà gbé mọ́ínmọ́ín lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Doreen ní kí àwọn ọmọ máa pe òun ní Doreen, pé òun kì í ṣe àǹtí ẹnikẹ́ni. Mìsítúrà kọ̀ jálẹ̀.

"Ọmọ tèmi kọ́ ló máa pe ẹni tó ju ìyá rẹ̀ lọ lórúkọ bí ẹni ń pe ajá."

Bí wọ́n ṣe tọ́ Nusaybah nìyẹn, ó sì gba ẹ̀kọ́ náà. Mo ti tọ́ ọmọ mẹ́rin ní Peckham yìí, mo mọ̀ pé gbígbà ẹ̀kọ́ kì í ṣe kékeré. Àwọn tèmi gba ìdajì, wọ́n fi ìdajì sílẹ̀ fún mi kí n máa fi gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí, bí wọ́n bá ń gbá rọ́bà lù ú láti àárọ̀, tí àkókò ìrun bá tó, á bọ́ gbogbo mátírẹ́ẹ̀sì yẹn kúrò lára, á ṣe àlùwàlá pẹ̀lú omi tó tutù bí ikú, á kírun, á tún padà kó o wọ̀. Híjáàbù tó ń wé sábẹ́ akoto, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni ìyá rẹ̀ gé, ó sì fọwọ́ rán an. Àwọn kan kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí rọ́bà wọn ò wọ àwọ̀n rẹ̀ mọ́, wọ́n dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó le nígbà tí wọ́n ń yan tíímù àwọn obìnrin Ìlú Ọba tí yóò lọ gbá ìdíje tí wọ́n fi ń wá ààyè sí Òlíńpíìkì. Gólí mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ mú. Wọ́n pe márùn-ún sí Sheffield kí wọ́n lọ wò wọ́n, Nusaybah sì wà nínú wọn. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí rọ́bà kì í wọ àwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n ń mú, kí kálukú máa lọ sílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wo bí èèyàn ṣe ń jẹun, wọ́n ń wo bó ṣe ń dìde lẹ́yìn tó bá ṣubú, wọ́n ń wo ìwà. Ẹni tó ń wo àwọn gólí ni Malachi, ọmọ Brixton tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, ọkùnrin ńlá tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé, ó pe Nusaybah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Nínú ẹ̀yin márùn-ún, kò sẹ́ni tó ń mú rọ́bà tó ọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n o kì í sọ̀rọ̀. Gólí ló ń rí gbogbo pápá. Àwọn bákì tó wà níwájú rẹ ti kọ ẹ̀yìn sí ewu, ẹnu rẹ ni ojú ẹ̀yìn wọn. Bí o kò bá lè kígbe mọ́ wọn, mi ò lè mú ọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Lọ wá ohùn rẹ."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní Streatham, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ni àwọn bákì. Zion, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló sáábà máa ń wà níwájú rẹ̀, ó sì ń kígbe mọ́ Zion bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n ní Sheffield, Heather tó jẹ́ olórí tíímù ti bí ọmọ méjì, èkíní sì ti wọ iléèwé gíga. Bronwen, ìkejì rẹ̀, ti ń lo awò láti kàwé. Nusaybah wo àwọn ìyá ọlọ́mọ wọ̀nyí, ẹnu rẹ̀ wúwo. Ní ọjọ́ kejì ìpàdé àkọ́kọ́ yẹn, ẹnì kan yọ́ gba ẹ̀yìn Heather. Nusaybah rí i. Ó la ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́, Aunty Heather, ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn yín o, ma."

Kó tó dé "ẹnì kan", rọ́bà ti wà nínú àwọ̀n.

Ó délé, ó ròyìn fún ìyá rẹ̀. Èmi wà níbẹ̀, mo lọ dá ìkòkò padà.

"Pe orúkọ wọn, kí ló dé?" Mìsítúrà ní. "Ìlú òyìnbó la wà."

"Mummy, ta ló kọ́ mi?"

"Èmi ni. Èmi náà ni mo wá yọ̀ǹda fún ọ."

"Kì í ṣe báyẹn, Mummy. Mo try ẹ̀, I swear. Mo la ẹnu báyìí, ó kàn stop. Ó dà bíi pé ẹ̀yin ni mo fẹ́ bú."

Mìsítúrà jókòó. Mo mọ ojú yẹn. Ọmọ ẹni ṣe ohun tí a ní kó ṣe, ó ṣe é dé góńgó, ibẹ̀ ló sì fẹ́ ti pàdánù. Òlíńpíìkì ni wọ́n sọ yìí, kì í ṣe ìdíje iléèwé. Ọmọ ti ń ṣubú lórí yìnyín láti kékeré nítorí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, Mìsítúrà gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí àsàlátù wa. Lẹ́yìn àdúrà, bí a ti ń jẹun, ó ní kí Nusaybah dìde kó sọ ohun tó ń ṣe é. Gbogbo wa di kóòṣì lójú ẹsẹ̀.

"Kó máa fi nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ pè wọ́n," Ìyá Habeebullah ní.

"Aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe práktíìsì ò ní nọ́ńbà, ma."

"Kó máa sọ pé Àǹtí, kó sinmi."

"Àǹtí mẹ́fà á bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, ma."

"Ó dáa, kó máa súfèé."

"Pẹ̀lú irin lẹ́nu?" Mìsítúrà dá a lóhùn. "Ìyá Habeebullah, ẹ jẹ́ ká jẹun."

Alhaja Rẹ̀mílẹ́kún, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì, ló gbé síbí sílẹ̀. Ìyá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Láyé ìgbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú Peckham kò tó nǹkan ló ti dé, tó ń tọ́jú aláìsàn, ó sì tọ́jú wọn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ nu ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan, àwa á sì dúró.

"Nusaybah," ó ní, "nígbà tí mo wọlé ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àbúrò ọkọ mi tó kéré jù ṣì ń mu ọmú. Ṣé mo lè pe orúkọ rẹ̀?"

"Rárá, ma."

"Èé ṣe?"

"Wọ́n ti wà nínú ilé kí ẹ tó dé, ma."

"O káre. Ọmọ ọwọ́ o! Tó ń tọ̀ sí mi lára! Ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ fún mi. Ṣé mo wá di odi? Bí ọbẹ̀ bá ń jóná, ṣé mi ò ní pe ẹni tó sún mọ́ ìdí àdògán?"

"Ẹ máa pè wọ́n, ma."

"Mò ń pè wọ́n dáadáa. Mo wò wọ́n lójú, mo wo ìrìn wọn, mo sì sọ kálukú ní orúkọ tó tọ́ sí i. Ẹni tó ga, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹni tí eyín rẹ̀ funfun, Eyínfúnjowó. Ọmọ ọwọ́ yẹn, Ọkọ Mi Kékeré. Bàbá arúgbó ni báyìí, tí mo bá pè é lórí fóònù lónìí, orúkọ yẹn náà ni, inú rẹ̀ á sì máa dùn." Ó na ìka sí Nusaybah. "Ìyàwó tuntun ni ọ́ nínú tíímù yẹn. Ilé ọkọ lo lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí o pe orúkọ àbísọ wọn. Sọ wọ́n lórúkọ tìrẹ."

Ìyá Habeebullah lu àtẹ́lẹwọ́. "Asitagafurulahi! Ọkọ mélòó wá lọmọ yìí fẹ́, tí gbogbo wọn jẹ́ obìnrin òyìnbó?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Nusaybah náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé èjìká rẹ̀ wálẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún èèyàn. Ó fa fóònù yọ, ó sì gbé fọ́tò tíímù síwájú wa.

Ẹ wá wo ìran. Àwọn ìyá àsàlátù mọ́kànlá da orí bo fóònù kan, wọ́n ń sọ òyìnbó lórúkọ. Heather ga bí igi àgbọn, kò sí àríyànjiyàn, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Bronwen pupa láti etí dé ọrùn, wọ́n ní Apọ́nbéporé. Ẹnì kan wà tí ojú rẹ̀ tóbi tó ń dán, ìyẹn di Ẹyinjú.

"Ó ti gùn jù, ma," Nusaybah ní. "Kí n tó dé 'léńgẹ́', wọ́n ti gbá a wọlé."

"Gé e," Màmá Nọ́ọ̀sì dáhùn. "Ta ní ní kí o ki oríkì wọn tán? Ọ̀pẹ́. Pọ́nbé. Jẹun rẹ."

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ilé Mìsítúrà di pápá. Wọ́n ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mìsítúrà mú máọ̀pù, ó di Heather. Làtíìfù mú ìgbálẹ̀, ó di Bronwen. Nusaybah á dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, á máa kígbe, "Ọ̀pẹ́! Ẹ̀yìn!", àwọn òbí rẹ̀ á sì máa yí bìrí. Làtíìfù ló ń dàrú. Bí wọ́n bá pe Ọ̀pẹ́, á yí. Bí wọ́n bá pe Pọ́nbé, á tún yí. Bí fóònù bá dún, á yí.

"Bàbá Nusaybah, ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń pè!"

"Nínú bọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni tó bá kígbe, èmi ló ń pè."

Doreen wá kan ilẹ̀kùn pé ta ni wọ́n ń pa. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Dípò kó lọ, ó béèrè pé kí ni orúkọ tòun.

Nígbà tí Nusaybah padà sí Sheffield, ní àṣálẹ́ tó débẹ̀, ó lọ bá àwọn àgbà náà nídìí oúnjẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ fún wọn pé ní ilé àwọn, a kì í pe ẹni tó ju ni lọ lórúkọ, pé òun ti sọ wọ́n ní orúkọ mìíràn, òun sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa jẹ́ ẹ. Heather béèrè ìtumọ̀ tirẹ̀. Nusaybah ní ẹni tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó wuni wò. Àfikún ni "wuni wò" yẹn, ara ìyàwó ṣíṣe ni.

"Ó sàn ju ohun tí ọkọ mi ń pè mí lọ," Heather ní.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n pín àwọn obìnrin náà sí ọ̀nà méjì kí wọ́n gbá a mọ́ra wọn, kí wọ́n lè yan èyí tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ní ẹbí lè wá wò. Làtíìfù wà níbi iṣẹ́, kò rí ẹni gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni èmi àti Mìsítúrà bá wọ ọkọ̀ lọ. Mìsítúrà wọ kóòtù mẹ́ta léra, ó sì ń fa tèsùbáà lábẹ́ ìkẹta. Apá mẹ́ta ni wọ́n pín eré náà sí, apá tó kẹ́yìn ni wọ́n fún Nusaybah.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. "Ọ̀pẹ́!" a gbọ́ ọ. "Pọ́nbé!" a tún gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin ńlá yẹn ń yí bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú. Mìsítúrà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ nítorí ayọ̀. Rọ́bà kan ṣì wọlé, èyí tí mi ò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnikẹ́ni, torí ara ọ̀pá ẹlòmíràn ló ti yà.

Ìgbà náà ni olórí kóòṣì na ọwọ́, ó yọ Heather jáde, ó sì ju obìnrin kan wọlé tí a ò rí rí. Ẹni tó jókòó níwájú wa ló sọ pé Morag ni, ará Scotland tó ń gbá a nílẹ̀ òkèèrè, pé àárọ̀ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀. Ó dàgbà ju Heather pàápàá lọ. Irun rẹ̀ tó dì gbọọrọ jáde lábẹ́ akoto, ó ń fì lẹ́yìn rẹ̀.

Mìsítúrà dìde dúró. "Ta nìyẹn? Kò sí nínú fọ́tò!"

"Jókòó, wọn ò rí iwájú."

"A ò sọ ìyẹn lórúkọ!"

Rọ́bà yí lọ sí igun. Morag lé e, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ògiri. Ọmọbìnrin kan láti òdìkejì rọra ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ológbò tó rí ẹja. Mo wo Nusaybah. Ó ti rí i. Gbogbo ara rẹ̀ ti yí síbẹ̀. Kò sí ohùn.

"Sọ̀rọ̀," Mìsítúrà ń sọ lábẹ́ èémí. "Bísímílláhì. Sọ̀rọ̀, ọmọ mi."

"Onírun!"

Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọmọ náà. Ó kọ lu òrùlé, ó padà wá bá wa.

"Onírun! Ẹ̀yìn yín! Ẹ wẹ̀yìn yín, ma!"

Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, látòkèdélẹ̀. Nínú wàhálà yẹn, ọmọ gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí i sí, kò sì gbàgbé "ẹ" àti "ma". Obìnrin Scotland náà yí bìrí, ó fi ọ̀pá lélẹ̀, ó gba rọ́bà lẹ́sẹ̀ ológbò yẹn, ó gbá a jìnnà réré. Láti ìgbà náà lọ títí tí fèrè fi dún, Nusaybah ò dákẹ́ mọ́. Ó ń kígbe bí ìyá ọlọ́mọ mẹ́wàá tí òjò ká aṣọ mọ́ lórí okùn.

Lẹ́yìn eré, a lọ dúró sí ọ̀nà tóóró tó lọ sí yàrá tí àwọn kóòṣì jókòó sí. Wọ́n ń pe àwọn ọmọ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Malachi jáde wá, ó bá Morag tó ń mu omi nítòsí wa.

"Ṣé o mọ ohun tó sọ sí ọ?" ó bi í.

"Rárá," Morag ní. "Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi ló ń bá wí."

Malachi mi orí, ó padà wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Nusaybah. Kò bọ́ aṣọ eré, torí náà ẹ̀gbẹ́ ló fi wọlé, ilẹ̀kùn kò gbà á. A dúró. Gólí kan ti jáde kọjá lára wa ṣáájú, ó ń sunkún sí èjìká bàbá rẹ̀, ọmọ dáadáa ni, Mìsítúrà sì gbàdúrà fún un láì mọ orúkọ rẹ̀. Mo ronú pé bóyá láìpẹ́ ẹnì kan yóò gbàdúrà fún tiwa bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí.

"Mummy, wọ́n mú mi." Ohùn rẹ̀ ti há pátápátá, èémí ló fi ń sọ̀rọ̀. "Ìkẹta ni mí. Àwọn méjì yẹn ló máa gbá. Èmi máa jókòó sórí bẹ́ńṣì, àfi tí ẹnì kan bá ṣèṣe. Mo lè má wọlé rárá, Mummy. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mìsítúrà bọ́ kóòtù òkè, ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ rọ́bà yẹn, níbi tí àwọn ọmọ ń fi bàtà abẹ tẹ̀ kọjá. Ó bi mí pé apá ibo ni ìlà-oòrùn wà. Mo nawọ́ sí i. Ó fi orí kanlẹ̀.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ dúró, wọn ò lè kọjá, wọn ò sì fẹ́ fò ó. Heather wá bá mi pẹ̀lẹ́, ó béèrè bóyá kí wọ́n pe dókítà.

"Ara rẹ̀ le," mo ní. "Ó ń dúpẹ́ ni."

Heather yí sí àwọn tó kù, ó gbé ìka sẹ́nu, gbogbo ọ̀nà sì dákẹ́. Nusaybah dúró ti ìyá rẹ̀ bí ògiri, akoto lábẹ́ abíyá, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ etí kóòtù náà títí ìyá rẹ̀ fi gbórí sókè.